Ọta, Kátíríìjì àti Agbára: Àkíyèsí Lórí Èdè Ìbọn Ọdẹ ní Agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ohun tí ó fa àpilẹ̀kọ yìí ni gbólóhùn kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn láti túmọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ní èdè Yorùbá bí ọdẹ ṣe lè yan kátíríìjì tí ó lágbára fún ìbọn ìléwọ́ tí yóò fi pa ẹran ńlá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ ọ́ pé ‘ọta alágbára tí ń dé ọ̀nà jíjìn’, tí a ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe iṣẹ́ ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọta, agbára, àti dé. Olùkọ́ físíìsì tí ó bá lò wọ́n bẹ́ẹ̀ yóò da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú. Ògbifọ̀ tí ó bá lò wọ́n nílé ẹjọ́ lè sọ ẹ̀sùn kékeré di ńlá. Ọdẹ tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé wọn lè pàdánù ọwọ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé iṣẹ́ ìbọn fúnra rẹ̀ ti fún èdè wa ní púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a nílò láti ya àwọn ohun wọ̀nyí sọ́tọ̀. Èyí tí ó kù fún wa ni pé kí á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀.

A yan agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù nítorí pé ibẹ̀ ni igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Ọdẹ tí ó gun ègùn sínú igbó kìjikìji létí odò kì í sábà rí ẹran rẹ̀ ní ibi tí ó ju ogún tàbí ọgbọ̀n mítà lọ. Bí ó bá gba apá Ọ̀fà lọ, tí igbó ń fọ́nká di pápá, ojú rẹ̀ á ríran jìnnà ju ibi tí ìbọn rẹ̀ lè pa ẹran dé lọ. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè nípa ọ̀nà jíjìn ti ń jẹ mọ́ ọdẹ gan-an.

Ìtàn pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, 1878, ni ogun Jálumi ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Ìkìrun, nígbà tí ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó wá, tú ogun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe wọn ká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú sínú odò Ọ̀tìn. Ìbọn tí a fi ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Nínú ogun Kírìjì tí ó tẹ̀ lé e, tí a ṣe àdéhùn rẹ̀ ní 1886 tí ó sì tú ká pátápátá ní 1893, ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn Snider gbà nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó. Ìdí ni a ti ń ki Snider, kì í ṣe ẹnu. Kátíríìjì ni ó sì ń jẹ. Ìbọn yìí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1866. A lè sọ pé ogun Kírìjì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ mú kátíríìjì dé àárín ilẹ̀ Yorùbá lọ́pọ̀ yanturu, àti pé láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ọta ti bẹ̀rẹ̀ sí ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń lo ṣakabùlà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ohun gbogbo pọ̀. Ó da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, ó fi nǹkan rírọ̀ dí i, ó fi ọ̀pá kì í. Ó kó ọta lé e, ó tún dí i. Lẹ́yìn èyí ni ó wá tọ́jú ibi tí iná yóò gbà wọlé. Nǹkan mẹ́ta ni èyí: ẹ̀tù, ọta, àti iná. Kò sí ọdẹ ṣakabùlà kan tí yóò pe ẹ̀tù ní ọta. Kátíríìjì ni ó kó gbogbo wọn sínú ike tàbí idẹ kan ṣoṣo, tí ojú kò fi rí ìyàtọ̀ wọn mọ́. Nítorí pé ọta ni ó ń jáde lọ pa ẹran, orúkọ rẹ̀ ni odindi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́. ‘Ọta mélòó ni ó kù?’ ni a ń béèrè, nígbà tí ohun tí a ń kà jẹ́ kátíríìjì.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò bàjẹ́. Nínú ìwé ìmọ̀, ó léwu. Bí ògbifọ̀ bá sọ fún adájọ́ pé ‘wọ́n bá ọta mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀’, ṣé irin wẹ́wẹ́ tí a ń kì sínú ṣakabùlà ni, àbí kátíríìjì tí ẹ̀tù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àbí èyí tí a ti yìn tí ó ku òfìfo? A dábàá, nítorí náà, pé kí ọta padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́: ohun tí ó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn. Kí á pe odindi ní kátíríìjì, nítorí pé ọdẹ, ọlọ́jà àti ọlọ́pàá ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí tí onímọ̀ yóò fi dá ọ̀rọ̀ tuntun tí kò sí ẹni tí yóò fi í ra ọjà. Ẹ̀tù kò nílò àtúnṣe. Ìdẹ tàbí ike tí ó kó wọn mọ́ra, kí á pè é ní àkọ̀, bí a ti ń sọ àkọ̀ idà: idà jáde, àkọ̀ kù. Ohun kékeré tí ó wà ní ìdí, tí òòlù ìbọn ń lù tí ó fi ń ta iná sí ẹ̀tù, ni a ń pè ní ìdánná níhìn-ín.

Ó kan ìbọn ìléwọ́. Orúkọ yìí ti pẹ́ nínú èdè wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe ìbọn ọdẹ ní Nàìjíríà. Òfin Ohun Ìjà tí a ṣe ní 1959 kó ìbọn ìléwọ́ gbogbo, ìbáà ní ìlà yíyí nínú ọ̀pá tàbí kò ní, pọ̀ mọ́ àwọn èyí tí a kà léèwọ̀. Ó sì fi ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìpín ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni fífi ìbọn ìléwọ́ dẹ ẹran ńlá ti di iṣẹ́ tí ó ní òfin, tí ó sì ní ìwé. Nítorí náà, ibẹ̀ ni a óò ti mú àpẹẹrẹ wá kí á tó padà sílé.

Ní 1935 ni kátíríìjì .357 Magnum jáde, .44 Magnum sì tẹ̀ lé e ní 1955. Elmer Keith wà lára àwọn ọdẹ tí ó ti ń ké pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ aláyìípo, tí ó ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà, ni a ṣe àwọn wọ̀nyí fún. Lẹ́yìn náà ni irú mìíràn dé: Remington XP-100 ní 1963, àti Thompson/Center Contender ní 1967. Kátíríìjì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá wọn sì gùn ju ti aláyìípo lọ. Nípa báyìí, ọdẹ lè fi ọwọ́ yin kátíríìjì tí a ṣe fún ráìfù. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ náà agbára ti bẹ̀rẹ̀ sí já wa kulẹ̀.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ni kò ti yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa jiyàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àmọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi agbára túmọ̀ ohun mẹ́rin. A dábàá kí agbára dúró fún ọ̀rọ̀ gbogbogbòò, bí ènìyàn ṣe ń lò ó lójoojúmọ́. Ohun tí ó wà lára ọta nítorí pé ó ń sáré, tí a ń wọ̀n ní joule, kí á pè é ní okun. (Ẹ má ṣe fi àmì ohùn ṣeré níhìn-ín, nítorí pé òkun àti okùn wà nítòsí.) Ohun tí a ń rí bí a bá sọ ìwúwo ọta di púpọ̀ nípa ìyára rẹ̀, kí á pè é ní ìtari, nítorí pé òun ni ó ń tari ohun tí ọta bá bá pàdé, tí ó sì ń tari ìbọn sẹ́yìn. Kí ipá wà fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Kí ìfúnpá sì jẹ́ ti èéfín gbígbóná tí ń fún ògiri ọ̀pá ìbọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré onímọ̀ èdè. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ọta .44 Magnum kan wúwo tó gíráàmù 15.5; bí ọ̀pá ìbọn bá gùn díẹ̀, ó ń jáde pẹ̀lú ìyára mítà 420 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okun rẹ̀ jẹ́ joule 1,367. Ìtari rẹ̀ jẹ́ 6.5, bí a bá fi kílógíráàmù àti mítà ṣe ìṣirò. Ọta .308 kan wúwo tó gíráàmù 9.7, bí ó bá jáde láti inú ìbọn ìléwọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 15, a lè ka ìyára rẹ̀ sí mítà 760. Okun rẹ̀ jẹ́ 2,801, ìtari rẹ̀ sì jẹ́ 7.4. Èwo nínú méjèèjì ni ó ‘lágbára’ jù? Ní ti okun, èkejì ju ìlọ́po méjì èkíní lọ. Ní ti ìtari, díẹ̀ ni ó fi jù ú. Ẹni tí ó kọ ‘alágbára’ nìkan kò tí ì sọ nǹkan kan fún òǹkàwé rẹ̀.

Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kan gbà pé okun tí ó bá ẹran àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ tó joule 1,356, èyí tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan nínú ìwọ̀n àtijọ́ tiwọn. Bí a bá tẹ̀ lé èyí, .44 Magnum kò yẹ ní pípa àgbọ̀nrín rárá àfi bí ẹnu ìbọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹran náà lára. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìmọye àgbọ̀nrín ti kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní ibi tí ó tó àádọ́rin mítà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọta tí ó wúwo, tí ó sì nípọn, ń la ẹran kọjá lọ sí ibi tí ẹ̀mí wà, okun rẹ̀ ìbáà má pọ̀. Bí ìyára rẹ̀ bá rọ̀ láti 420 sí 340 lójú ọ̀nà, yóò pàdánù ìdá mẹ́ta okun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún péré ni yóò pàdánù nínú ìtari rẹ̀. Ní ti èrò tiwa, ìlànà ẹgbẹ̀rún yẹn kò ju àṣà lọ. Òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ Colorado ṣe ọgbọ́n jù: joule 746 ni ó béèrè lọ́wọ́ ìbọn ìléwọ́, ibi tí ó sì ti wọ̀n ọ́n kì í ṣe ẹnu ìbọn bí kò ṣe àádọ́ta yáàdì síwájú, níbi tí ẹran lè wà.

Èyí mú wa dé orí ọ̀rọ̀ kẹta. ‘Ọta náà ń dé ibẹ̀’ lè túmọ̀ sí pé ó ń balẹ̀ níbẹ̀. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ń pa ẹran níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà láàárín méjèèjì lè ju kìlómítà kan lọ. A dábàá òpin ìdé fún ti àkọ́kọ́, àti òpin ìpa fún ti èkejì. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu òpin ìpa: ohun tí ó kù nínú ọta nígbà tí ó bá dé, bí ó ti ń rọ̀ wálẹ̀ sí lójú ọ̀nà, àti ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín. Ẹ jẹ́ kí á gbàgbé atẹ́gùn fún ìgbà díẹ̀ kí ìṣirò má bàa le. Láti rin igba mítà, ọta .44 wa yóò lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì wálẹ̀ ju mítà kan lọ, ọta.308 yóò lo bí ìdá mẹ́rin rẹ̀, yóò sì wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 34. Bí atẹ́gùn bá dá sí i, ìyàtọ̀ náà yóò tún pọ̀ sí i. Ọdẹ tí ó bá fi .44 wo ẹran ní igba mítà, tí ó sì ṣìṣe ogún mítà péré nínú ìdíwọ̀n ojú rẹ̀, yóò fọ́ ẹsẹ̀ ẹran náà ni tàbí kí ó tàsé rẹ̀. Ẹran tí a fọ́ lẹ́sẹ̀ tí ó wọ igbó lọ jẹ́ ìtìjú fún ọdẹ ní Òkukù gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà ni àwọn tí ń wá ọ̀nà jíjìn ṣe yà kúrò lọ́dọ̀ aláyìípo lọ sí ọlọ́pá gígùn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kátíríìjì ráìfù ni ó bá a mu. Ẹ̀tù tí ó pọ̀ nínú àkọ̀ ńlá ń fẹ́ ọ̀pá gígùn kí ó tó jó tán. Ọta .308 yẹn, tí ó ń jáde ní mítà 760 láti inú ọ̀pá ínṣì 15, lè jáde ní 860 láti inú ráìfù tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 24. Iná tí ì bá ti í lójú ọ̀nà ti jó dànù lẹ́nu ìbọn, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ni ó sì yọrí sí. Bí àkọ̀ bá ti tóbi sí i ju èyí lọ, èrè á máa kéré sí i, ìtasẹ́yìn á sì máa pọ̀ sí i. (Ọ̀rọ̀ ìtasẹ́yìn yìí, ara ẹṣin tí ń ta ènìyàn nípàá ni a ti mú un.) Bí ìbọn bá wúwo tó kílógíráàmù 2, ìtari 7.4 yóò tì í sẹ́yìn ní ìyára bíi mítà 3.7, láì tí ì ka ti èéfín mọ́ ọn. Èjìká ni ó ń gba ti ráìfù. Ọrùn ọwọ́ ni ó ń gba èyí. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ yóò mi kí ìbọn tó dún, ó sì ti tàsé. Ohun tí ọdẹ onímọ̀ ń yàn ni kátíríìjì tí àkọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ọta rẹ̀ gùn tí ó sì wúwo fún ìbú rẹ̀, tí orí ọta náà sì rọ̀ tó láti là nínú ẹran bí ìyára rẹ̀ tilẹ̀ ti rọ̀. Irú rẹ̀ ni .375 JDJ tí J. D. Jones ṣe fún Contender láti inú àkọ̀ .444 Marlin.

Àwọn olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú. Ìbú ọ̀fun ni a dábàá fún fífẹ̀ inú ọ̀pá ìbọn. Nínú .44, nọ́ńbà náà jẹ́ ìdá ínṣì, ṣùgbọ́n irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọta náà jẹ́ .429 ní tòótọ́, èyí tí í ṣe mìlímítà 10.9. Ẹni tí ó bá ṣírò .44 sí mìlímítà yóò kọ 11.2 sínú ìwé, yóò sì ṣìnà. Ọta .38 Special àti ti .357 Magnum kò yàtọ̀ ní ìbú. Àkọ̀ ni wọ́n mú gùn díẹ̀ kí èyí tí ìfúnpá rẹ̀ pọ̀ má bàa wọ inú ìbọn tí kò lè gbà á. Ti ìbọn ọdẹ wa tún yàtọ̀. Nọ́ńbà 12 tí a ń kọ sí kátíríìjì rẹ̀ túmọ̀ sí pé òjé róbótó méjìlá tí ó fẹ̀ bí ọ̀fun ìbọn náà ni yóò wúwo tó pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, 20 kéré sí 12. Ní ti ọ̀rọ̀ Magnum, èdè Látìn ni, ‘ńlá’ ni ó túmọ̀ sí, ara ìgò ọtí ńlá ni àwọn oníkátíríìjì sì ti yá a. Orúkọ ọjà ni. Kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àfiwé kan yóò ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu. Ọta ẹyọ kan láti inú kátíríìjì 12, tí ó wúwo tó gíráàmù 28 tí ìyára rẹ̀ sì jẹ́ mítà 475, ní okun joule 3,159 àti ìtari 13.3. Ó ju àwọn ìbọn ìléwọ́ méjèèjì tí a ti ṣírò lọ lẹ́nu ìbọn. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ó wà lọ́wọ́ ọdẹ ní Ìnísà kì í ṣe aláìlágbára, nígbà náà; òpin ìpa rẹ̀ ni ó kúrú, nítorí pé ọta náà gbòòrò, ó sì kúrú, atẹ́gùn sì tètè ń gba ìyára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, wọn a ti fọ́nká jù fún ẹran ńlá kí wọ́n tó kọjá ogójì mítà.

Ó ku ìfúnpá, tí kò sí ẹni tí ń rí i. Ìwọ̀n tí àwọn aṣekátíríìjì Amẹ́ríkà fi òté lé fún kátíríìjì 12 jẹ́ pọ́n-ùn 11,500 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Ti .44 Magnum jẹ́ 36,000. Ti .308 jẹ́ 62,000. Contender pàápàá, tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, kò lè gba .308, àfi nígbà tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe Encore, tí ara rẹ̀ le jù ú lọ, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Kí ni kí á wá sọ nípa ìbọn agbélẹ̀rọ, tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi ṣe? Páìpù náà lè fara da ẹ̀tù ṣakabùlà fún ọdún pípẹ́, kí olówó rẹ̀ sì rò pé ó ti dán an wò. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ‘ọta yìí lágbára jù’, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ẹran yóò tètè kú. Bí a bá sọ fún un pé ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti kátíríìjì tí ó mọ̀, ọ̀pá ìbọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ ni yóò rò. Nínú ìwé ìtọ́ni èyíkéyìí tí a bá kọ fún ọdẹ ní èdè Yorùbá, ẹ̀gbẹ́ orúkọ kátíríìjì ni ó yẹ kí ìfúnpá wà, ṣáájú okun àti ìtari.